Ilé ọmọ ìyá mi ń yọ síta: ṣé álọ́ọ̀mù lè dá a padà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ògbómọ̀ṣọ́ ni a wà. Ìyá mi jẹ́ ẹni ọdún 72, ọmọ méje ni wọ́n bí. Bí wọ́n bá dúró pẹ́, nǹkan kan máa ń yọ lójú ara wọn. Bí wọ́n bá dùbúlẹ̀, á wọlé padà. Wọ́n ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, wọ́n ti mu àgbo títí. Ìyá alágbo kan wá ní kí wọ́n máa ki álọ́ọ̀mù sí i kó lè fún pọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n lọ gé ilé ọmọ kúrò. Èwo ni ká ṣe nínú méjèèjì?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì ṣe ìkankan. Bí ìyá bá sì ti ń ki álọ́ọ̀mù, kí wọ́n ṣíwọ́ lónìí.

Ìdí ni jẹ̀díjẹ̀dí ń bá jà. Ojú ara ni ẹ ní tìyá yín ti ń yọ. Ilé ọmọ ló ń sọ̀ kalẹ̀, tàbí àpò ìtọ̀, tàbí ìfun ìsàlẹ̀, nítorí pé àwọn iṣan tó gbé wọn ró ti dẹ̀. Ọmọ bíbí ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọjọ́ orí á sì parí rẹ̀. Ẹrù wúwo, ikọ́ tí kò lọ àti ìgbẹ́ líle náà ń tì í wálẹ̀.

Ọ̀rọ̀ álọ́ọ̀mù yìí ń bí mi nínú, nítorí egbò tí kò yẹ kó wáyé ló ń fà. Lóòótọ́, álọ́ọ̀mù máa ń mú kí awọ ara súnkì, ìyẹn ló sì ń tan àwọn èèyàn. Iṣan tó dẹ̀ wà nínú lọ́hùn-ún, álọ́ọ̀mù kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Awọ ni ó ń jó, bẹ́ẹ̀ sì ni awọ ojú ara àgbàlagbà ti fẹ́lẹ́, ó ti gbẹ, láti ìgbà tí nǹkan oṣù ti dáwọ́ dúró. Kán-ún àti ewé gígún tí wọ́n ń kì bọ̀ ọ́ kò yàtọ̀. Á di egbò. Bí egbò náà bá ń jinná, àpá lè so ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pọ̀, kí ojú ara má gba ìka kan mọ́. Ilé ọmọ kò ní tìtorí bẹ́ẹ̀ padà sókè. Ìtọ́jú tí ìbá rọrùn jù lọ fún ìyá ni àpá yẹn á wá dí lọ́nà.

Ìtọ́jú náà ni òrùka rọ́bà rírọ̀ tí à ń pè ní pessary. A ó yan ìwọ̀n tó bá wọn mu, a ó tì í wọlé, á máa gbé ilé ọmọ ró. Kò sí abẹ, kò sí oorun abẹ́rẹ́, wọ́n á sì padà sílé lọ́jọ́ náà. Láàárín oṣù 3 sí 6, wọ́n á padà wá kí a yọ ọ́, kí a fọ̀ ọ́, kí a sì wo awọ ibẹ̀. Ó lè fa omi ara tàbí kó ha wọ́n. Ìpara estrogen (èròjà ara obìnrin tó ń dín kù bí nǹkan oṣù bá dáwọ́ dúró) tí dókítà bá kọ máa ń ràn án lọ́wọ́. Kì í dúró lára gbogbo obìnrin. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n gbàgbé rẹ̀ sínú, ó lè jẹ ara wọlé.

Bí ìyọsíta náà bá kéré, fífún iṣan ìsàlẹ̀ pọ̀ bí ẹni tó ń mú ìtọ̀ dúró, lójoojúmọ́ fún bí oṣù 3, máa ń ṣèrànwọ́. Èyí tó ti jáde síta pátápátá kò ní tipa bẹ́ẹ̀ wọlé.

Ní ti iṣẹ́ abẹ, ọdún 72 nìkan kò dí i lọ́wọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣúgà àti ọkàn ni a ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Gígé ilé ọmọ kúrò nìkan kò tó bí a kò bá tún àwọn ohun tó gbé e ró ṣe. Iṣẹ́ abẹ tí a fi ń dí ojú ara wà pẹ̀lú, fún ìyá tí kò ní bá ọkùnrin lò pọ̀ mọ́ láé. Ẹ bi ìyá fúnra wọn, ẹ má bá wọn dáhùn. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi àwọ̀n tí wọ́n ń pè ní mesh, tí wọ́n fi ń gbé ẹ̀yà ara ró, sí i láti ojú ara, ẹ béèrè ìdí rẹ̀ dáadáa. Ní 2019 ni ìjọba Amẹ́ríkà ní kí wọ́n má tà á mọ́ fún irú iṣẹ́ yìí.

Èmi ò tíì yẹ ìyá wò o, nítorí náà ẹ má fi ìdáhùn yìí ṣe ìtọ́jú. Ẹ mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà tó ń tọ́jú àìsàn obìnrin ní ilé ìwòsàn ńlá Bowen tàbí ti LAUTECH, méjèèjì wà nílùú yín. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde, tàbí tí wọn kò lè tọ̀, tàbí tí èyí tó yọ kò wọlé mọ́, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ gbé wọn lọ. Ẹ sì sọ fún dókítà pé wọ́n ti lo álọ́ọ̀mù, bí wọ́n bá ti lò ó. Kò sẹ́ni tó máa bá wọn jà.