Kí ló dé tí àbúrò bàbá mi obìnrin fi ń pe ìyàwó mi ní "ìyàwó mi"?

Arákùnrin kan ló béèrè. Ó ní àbúrò bàbá òun obìnrin ń pe ìyàwó òun ní "ìyàwó mi", ìyàwó náà sì ń jẹ́ ẹ lóhùn pé "ọkọ mi". Ẹnìkan wá sọ fún un pé ẹ̀rí nìyẹn pé obìnrin ń fẹ́ obìnrin nílẹ̀ Yorùbá kí òyìnbó tó dé. Ẹlòmíràn ní àwàdà lásán ni.

Àwọn méjèèjì ló ṣì í, ó sì ń bí mi nínú, torí ọ̀rọ̀ yìí kò fara sin. Ilé ló ń gbé ìyàwó, kì í ṣe ọkùnrin kan ṣoṣo. Gbogbo ọmọ tí wọ́n bí sínú agbo ilé kí ìyàwó tó wọ̀ ọ́, lọ́kùnrin lóbìnrin, ọkọ rẹ̀ ni wọ́n. Kódà ọmọ tó ṣì ń rákò lọ́jọ́ tí wọ́n da omi sí i lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ìyàwó kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀ mọ́ ọn lórí.

Kí ni yóò wá máa pè wọ́n? Á wò wọ́n dáadáa, á sì fún wọn lórúkọ. Ìyá mi pe èyí tó ń lọ sílé ìwé ní Akọ̀wé, ó pe eléyín funfun ní Eyínfúnjowó. Obìnrin kan wà nínú wọn tó dúdú tó ń dán, Adúmáadán ni tirẹ̀. Ìyá mi jù ú lọ dáadáa lọ́jọ́ orí, síbẹ̀ títí orí àwọn méjèèjì fi funfun, ó ń kúnlẹ̀ kí i ni. Bí ìjà bá dé láàárín ìyá mi àti bàbá mi, Adúmáadán ló ń gbè sẹ́yìn ìyàwó rẹ̀. Òun náà, tó bá padà sílé ọkọ tirẹ̀, ìyàwó ni. Á tún lọ máa kúnlẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ níbẹ̀.

Ẹ wo opó ṣíṣú. Bí ọkọ bá kú, ọkùnrin inú ẹbí ni wọ́n máa ń ní kó ṣú u láyé àtijọ́, ìyẹn kó fẹ́ ẹ. Ta ló gbọ́ ọ rí pé wọ́n pe Adúmáadán kó wá ṣú opó? Níbi tí ọ̀rọ̀ ibùsùn bá ti wọ̀ ọ́, ọkọ tó jẹ́ obìnrin ti yà bàrá.

Ní January 2014, Goodluck Jonathan fọwọ́ sí òfin tó ní kí ọkùnrin tó bá fẹ́ ọkùnrin, tàbí obìnrin tó bá fẹ́ obìnrin, lọ ṣẹ̀wọ̀n ọdún 14. Ní oṣù March ọdún yẹn kan náà, irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó fẹ́ gbè é àti ẹni tó fẹ́ tako ó, kí wọ́n wá ẹ̀rí tiwọn síbòmíràn. Èwo ló kan àǹtí yín níbẹ̀?

Arákùnrin náà tún béèrè ìdí tí àwọn àna rẹ̀ fi dá owó orí ìyàwó padà: a kì í ta ọmọ. Ó tán.

Ìyàwó ìsinsìnyí ń wọ fúláàtì, kò wọ agbo ilé mọ́, Adúmáadán ti di "Sister". Alága ìdúró tó yẹ kó fi àwọn ọkọ ilé hàn án, owó ló ń gbà kiri. Ìyàwó yín ṣì mọ̀ ọ́n pè. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dójú tì í kó fi í sílẹ̀.