Ta ló ni ọ̀rọ̀? Bí a ṣe ń ka àwọn èdè iṣẹ́ ìròyìn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Kétu ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ni mo ń gbé, èmi ni mo sì máa ń ka ìwé ìròyìn Faransé, tí mo ń túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn àgbà ilé wa. Mo ń bá “selon une source proche du dossier” pàdé, àti “dépêche”, “communiqué”, “publi-reportage” pẹ̀lú “droit de réponse”. Báwo ni mo ṣe lè mọ èyí tí akọ̀ròyìn wádìí àti èyí tí wọ́n kàn gbé fún un?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o ṣeun tí o béèrè, nítorí pé ọwọ́ ẹni tó ń túmọ̀ ìròyìn fún ará ilé ni ọ̀rọ̀ ti sábà máa ń yí padà láìjẹ́ pé ó mọ̀ọ́mọ̀. Ẹni tó ni ọ̀rọ̀ ni kí o kọ́kọ́ máa wá. “Source” ni ẹni tàbí ìwé tí akọ̀ròyìn ti rí ohun tó ń sọ. Bí ó bá dárúkọ rẹ̀, tí ó sì sọ ipò rẹ̀, ìwọ náà lè wọn ọ̀rọ̀ náà wò. Bí ó bá kọ “une source proche du dossier” (ẹnìkan tó sún mọ́ ọ̀ràn náà), akọ̀ròyìn mọ ẹni náà, ṣùgbọ́n ó pa orúkọ rẹ̀ mọ́ kí iṣẹ́ tàbí ẹ̀mí onítọ̀hún má baà wà nínú ewu. Ìyẹn kò sọ ọ́ di irọ́. Àmọ́ nínú iṣẹ́ olóòtú tí mo ń ṣe ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, a kì í gbà á láìbéèrè ẹlẹ́rìí kejì.

Ibi tí mo fẹ́ kí o ti ṣọ́ra jù lọ ni ohun tí a ń pè ní “conditionnel”, ìyẹn bí èdè Faransé ṣe ń yí ọ̀rọ̀-ìṣe padà láti fi hàn pé ohun tí à ń sọ kò tíì dájú. Ká ní o ka “Le maire aurait démissionné”. Gbólóhùn yìí kò sọ pé maire (olórí ìjọba ìlú) náà ti kọ̀wé fi ipò sílẹ̀. Ohun tó sọ ni pé wọ́n ní ó ti ṣe bẹ́ẹ̀, a kò sì tíì rí àrídájú. “Le maire a démissionné” (maire náà ti kọ̀wé fi ipò sílẹ̀) ni akọ̀ròyìn fi orúkọ ara rẹ̀ dúró tì. Nígbà tí o bá ń túmọ̀, má ṣe jẹ́ kí “wọ́n ní” tàbí “a gbọ́ pé” yẹn já bọ́ lẹ́nu rẹ, nítorí kí ọ̀rọ̀ náà tó dé ọjà, “wọ́n ní” á ti di “ó ti”.

“Dépêche” ni ìròyìn tí ilé-iṣẹ́ akónìròyìnjọ bí AFP (Agence France-Presse), tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìlú Paris ní ọdún 1944, tàbí Agence Bénin Presse tí í ṣe ti ìjọba wa, ń fi ránṣẹ́ sí àwọn ìwé ìròyìn àti rédíò. Bí ìwé ìròyìn márùn-ún bá gbé ọ̀rọ̀ kan náà jáde, tí “AFP” sì wà lábẹ́ gbogbo wọn, ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni o ní.

“Communiqué” yàtọ̀: ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ló fúnra rẹ̀ kọ ọ́. Bí SBEE, ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná ilẹ̀ wa, bá kéde pé iná kò ní sí ní àdúgbò kan lọ́la, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n jù wọ́n lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ́ méjì bá ń jà, tí ọ̀kan gbé communiqué jáde, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ní ti “publi-reportage”, ìpolówó ni. Ẹni tí wọ́n yìn níbẹ̀ ló sanwó rẹ̀. Igun ojú ewé ni wọ́n máa ń kọ ọ̀rọ̀ náà sí, ó sì máa ń dùn mí tí wọ́n bá kọ ọ́ tín-ín-rín débi pé òǹkàwé kò ní rí i.

“Droit de réponse” ni ẹ̀tọ́ tí ẹni tí ìwé ìròyìn dárúkọ ní láti fèsì nínú ìwé ìròyìn kan náà. Ó wà nínú òfin iṣẹ́ ìròyìn ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti ọjọ́ 20 oṣù kẹta ọdún 2015. Ọ̀rọ̀ onítọ̀hún ni, kì í ṣe ti ìwé ìròyìn, títẹ̀ ẹ́ jáde kò sì túmọ̀ sí pé wọ́n gbà pé àwọn ṣàṣìṣe. Bí wọ́n bá gbà bẹ́ẹ̀, “rectificatif” (àtúnṣe) ni wọ́n ń kọ. Ẹni tí wọn kò bá fún ní àyè láti fèsì lè kọ̀wé ẹ̀sùn sí HAAC, àjọ tí òfin ìpilẹ̀ ọdún 1990 gbé kalẹ̀ láti máa mójú tó iṣẹ́ ìròyìn.