Kọ́ì kì í ṣe ẹja àrọ̀: ìdí tí ẹja yín fi ń kú ní ìdájí

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Akóbọ̀ ní Ìbàdàn ni mò ń gbé, mo sì ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Lọ́dún tó kọjá, mo gbẹ́ kòtò omi kan sínú ọgbà mi, mo fi símẹ́ńtì rẹ́ ẹ. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 3, fífẹ̀ rẹ̀ mítà 2, omi inú rẹ̀ sì jìn tó sẹ̀ńtímítà 75. Kọ́ì 14, ìyẹn ẹja aláràbarà tí wọ́n ń sìn fún ẹwà, ni mo kó sí i. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yìí, mẹ́rin ti kú, àwọn tó tóbi jù ló sì kọ́kọ́ lọ. Ìdájí ni mo máa ń bá òkú wọn lójú omi, kò sì sí egbò kankan lára wọn. Oúnjẹ ẹja àrọ̀ ni mò ń fún wọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́, wọ́n sì ń jẹ ẹ́ dáadáa. Omi kànga dẹ̀rọ ni mò ń lò, àmọ́ ó ti di àwọ̀ ewé báyìí. Ẹ̀rọ tó ń tú omi sókè wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo máa ń pa á lálẹ́ nítorí owó iná. Aládùúgbò mi tó ń sin ẹja àrọ̀ ní kí n da tetracycline, oògùn tó ń pa bakitéríà, sí i. Ṣé kí n dà á?

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ kú àdánù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da tetracycline sínú omi náà. Ohun tí ẹ ṣàlàyé yìí kò jọ àìsàn rárá. Afẹ́fẹ́ ló ń wọ́n àwọn ẹja yín lóru.

Ẹ wo àkókò tí wọ́n ń kú, kí ẹ sì wo irú èyí tó ń kú. Àìsàn kì í dúró de ìdájí kó tó pa ẹja. Àmọ́ tí ọ́síjìn, ìyẹn afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí, bá ti ń tán lọ nínú omi, àwọn ńlá ló máa ń kọ́kọ́ kú, torí ohun tí ara wọn ń béèrè pọ̀ ju ti àwọn kéékèèké lọ. Lọ́la, ẹ jí ní nǹkan bí aago márùn-ún àbọ̀, kí ẹ mú tọ́ọ̀ṣì dání lọ síbẹ̀. Tí ẹ bá bá wọn lójú omi, tí wọ́n ń la ẹnu tí wọ́n sì ń pa á dé, tí wọn ò sá bí ẹ ṣe tan iná sí wọn, ọ̀rọ̀ ti yé wa nìyẹn. Tó bá fi máa di aago mẹ́sàn-án tí oòrùn ti yọ dáadáa, wọ́n á ti sọ̀ kalẹ̀ lọ sísàlẹ̀, wọ́n á sì máa jẹun bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe wọ́n. Ohun tó ń tan ọ̀pọ̀ onílé jẹ nìyẹn.

Omi tó di àwọ̀ ewé kún fún ewéko kíntínkíntín tí ojú lásán kò lè rí lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́sàn-án, oòrùn ń ràn wọ́n lọ́wọ́, wọ́n sì ń tú ọ́síjìn sínú omi. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, àwọn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í lo ọ́síjìn yẹn, ẹja ń lò ó, ìdọ̀tí tó ń jẹrà nísàlẹ̀ náà ń lò ó. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìwọ̀nba tó kù kò tó nǹkan mọ́. Ooru tún ń dá kún un. Omi tí ooru rẹ̀ jẹ́ 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius lè gba nǹkan bíi mílígíráàmù 9 ọ́síjìn nínú lítà kan. Tí ooru náà bá dé 30, kò ní lè gbà ju nǹkan bíi 7.5 lọ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìgbà tí omi bá gbóná gan-an ni ẹja ń mí jù. Àwọn àgbẹ̀ agbègbè Niigata ní Japan, níbi tí yìnyín ti ń bo ilẹ̀ nígbà òtútù, ló sọ kọ́ì di ẹja aláràbarà ní ọ̀rúndún 19. Ó lè gbé nílùú Ìbàdàn kó sì dàgbà níbẹ̀, bí a bá ṣáà ti ń fún un ní afẹ́fẹ́.

Ẹ lè bi mí pé, kí ló dé tí ti aládùúgbò yín kò kú nínú omi tó dọ̀tí ju tiyín lọ? Ẹja àrọ̀ ní ẹ̀yà ara kan ní orí tó fi lè mí afẹ́fẹ́ òde. Tí omi bá burú, yóò yọ ẹnu síta, yóò gbé afẹ́fẹ́ mì, yóò sì padà sísàlẹ̀. Kọ́ì ò ní irú rẹ̀. Òótọ́ ni aládùúgbò yín mọ iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọgbọ́n tó fi ń sin àrọ̀ ló ń pa kọ́ì yín.

Láti alẹ́ òní lọ, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ yẹn máa ṣiṣẹ́ mọ́jú. Lẹ́yìn náà, ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ wọ ìsàlẹ̀ omi, irú èyí tí àwọn tó ń ta ẹja aláràbarà ń lò. Iná tó ń jẹ kéré. Nítorí pé NEPA kò ṣe é gbọ́kàn lé, èyí tó ní bátìrì ni kí ẹ rà, tàbí kí ẹ so ó mọ́ ínfátà tàbí sólà. Òru kan péré tí iná bá lọ ti tó láti pa gbogbo èyí tó kù.

Láàárọ̀ ọ̀la, ẹ fa ìdá kan nínú mẹ́rin omi náà kúrò láti ìsàlẹ̀, níbi tí ìdọ̀tí wà, kí ẹ dà á sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ yín. Yóò ṣe é lóore. Omi kànga dẹ̀rọ tí ẹ máa fi rọ́pò rẹ̀ sábà máa ń ti abẹ́ ilẹ̀ jáde láìní ọ́síjìn tó, nítorí náà ẹ gbé ẹnu họ́ọ̀sì sókè kó máa já wọlé láti òkè. (Ẹni tó bá ń lo omi ẹ̀rọ ìjọba ní láti kọ́kọ́ mú chlorine kúrò níbẹ̀, torí ó ń jó ẹ̀yà tí ẹja fi ń mí.) Fún ọjọ́ méjì, ẹ má fún wọn lóúnjẹ. Ebi ò ní pa wọ́n.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ yìí, mo fẹ́ kí ẹ fi ọwọ́ gidi mú un. Oúnjẹ àrọ̀ ni wọ́n ṣe fún ẹja tí wọ́n fẹ́ kó sanra kíákíá kí wọ́n lè tà á. Púrótéènì inú rẹ̀ máa ń tó 40 sí 45 nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí tí ara kọ́ì kò bá lò, ẹja náà á tú u jáde gẹ́gẹ́ bí amóníà, ìdọ̀tí tó lè ṣe ẹja bíi májèlé, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ á sì gba ẹ̀yà ìmí rẹ̀ jáde. Amóníà yìí ń burú sí i bí pH omi (òṣùwọ̀n tó ń sọ bóyá omi kan tàbí kò kan) bá ń ga sókè, bẹ́ẹ̀ símẹ́ńtì tuntun àti omi aláwọ̀ ewé ní ọ̀sán máa ń gbé pH sókè. Nínú omi tó gbóná dé 30, bí pH bá jẹ́ 7, ìwọ̀n tó jẹ́ májèlé nínú amóníà náà kò tó 1 nínú 100. Bí pH bá dé 9, ó ti ju 40 nínú 100 lọ. Ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ti tó, ìwọ̀nba tí wọ́n lè jẹ tán láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún.

Ẹ tún nílò asẹ́ omi. Kì í ṣe ìdọ̀tí tó ń sẹ́ nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀: àwọn bakitéríà kan ń gbé lára fóòmù inú rẹ̀, àwọn ló ń sọ amóníà di nitrite, tí òun náà lè pa ẹja, tí wọ́n sì ń sọ nitrite di nitrate tí kò le tó bẹ́ẹ̀. Ó máa ń gbà wọ́n tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó pọ̀ tó. Omi inú kòtò ni kí ẹ máa fi ṣan fóòmù náà, ẹ má fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Àwọn bakitéríà yìí gan-an ni tetracycline lè pa, ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ̀ yín lókè.

Tí òmíràn bá kú, ẹ ṣí ìdérí ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ kí ó tó pẹ́. Pupa ló yẹ kí ibẹ̀ jẹ́. Bó bá ti di àwọ̀ kọfí, nitrite ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Kílò iyọ̀ kan sí lítà 1,000 omi máa ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Tiyín jẹ́ lítà 4,500, ìyẹn kílò mẹ́rin ààbọ̀. Ẹ kọ́kọ́ yọ́ ọ nínú báàkẹ́ẹ̀tì. Tí iyọ̀ bá ti wọ omi náà, ẹ má dà á sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́.

Èyí tó kù lè dùn yín. Kọ́ì mẹ́wàá pọ̀ jù fún kòtò yẹn. Kọ́ì tó dàgbà lè gùn ju sẹ̀ńtímítà 60 lọ, lítà 1,000 ni a sì máa ń ṣírò fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rin ni kòtò yín lè gbà. Ẹ wá ẹni tó ní àyè kí ẹ fún un níyòókù, ṣùgbọ́n ẹ má tú wọn sí odò Ọ̀nà tàbí Ògùnpa. Wọ́n máa ń tú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò, wọ́n á sì máa da ibùgbé ẹja ìbílẹ̀ rú. Bí owó bá yọ̀ǹda lọ́jọ́ iwájú, ẹ jẹ́ kí kòtò náà jìn tó mítà kan àbọ̀, kí ẹ sì ta nẹ́ẹ̀tì sórí apá kan kí oòrùn ọ̀sán má bàa se omi náà.

Tí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí fún ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n ṣì ń kú, ẹ má gbé òkú ẹja tó ti wú wá fún mi, torí kò sí ohun tí mo lè rí lára rẹ̀. Ẹ mú èyí tó ń ṣàìsàn tó ṣì wà láàyè wá nínú omi kòtò náà, kí ẹ sì bu omi sínú ìgò mìíràn tó mọ́ lọ́tọ̀ ní ìdájí ọjọ́ yẹn.