Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá kú lẹ́yìn jàǹbá ọrùn

Àbúrò, pẹ̀lẹ́ o. O ní o ṣubú lórí ọ̀kadà lọ́nà Ọ̀dà, ọrùn ń dùn ọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì sì ti kú látìgbà náà. O wá ń béèrè bóyá dókítà eyín ni kí o lọ bá. Ọrùn yẹn ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Mọ́tò ló gbá tiwa lẹ́yìn lójú ọ̀nà Oǹdó sí Àkúrẹ́. Orí mi fì síwájú, ó fì sẹ́yìn, ẹ̀jẹ̀ kankan ò jáde. Ilẹ̀ mọ́, láti ìsàlẹ̀ etí dé àgbọ̀n ti kú. Nígbà tó bá fẹ́ jí, á dà bí ẹni pé ìjàlọ ń rìn níbẹ̀. Mo máa ń gé ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi jẹ mọ́ ẹ̀bà, n kò ní mọ̀ àfi tí mo bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú itọ́. Ọbẹ̀ á máa ṣàn lágbọ̀n mi níwájú àlejò, ìyàwó mi ni yóò ṣẹ́jú sí mi. Ẹ̀gbẹ́ yẹn ò ṣeé fi sùn rárá.

Dókítà àkọ́kọ́ na fíìmù sókè, ó ní eegun ò kán, àìsùn ló ń dà mí láàmú, ó kọ parasítámọ́ọ̀. Kò tilẹ̀ fọwọ́ kan ojú mi! Ṣé eegun nìkan ló wà nínú ọrùn ni? Fíìmù X-ray kì í fi iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọpọlọ hàn. Ẹlòmíì ló ṣàlàyé fún mi pé ibi tí iṣan ojú ti ń jíṣẹ́ fún ọpọlọ sọ̀ kalẹ̀ wọ òkè ọrùn, àti pé láti sàkání eegun ọrùn kejì àti ìkẹta ni iṣan tó ń lọ sí etí àti igun àgbọ̀n ti ń jáde. Mo ṣe MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, mo ṣe físíò, ìtọ́jú eré ìmárale, ó ń jí díẹ̀díẹ̀.

Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí ọrùn rẹ o! Ìbáà ṣe àwọn tó ń to eegun, ìbáà ṣe onígbàjámọ̀ tó máa ń yí orí èèyàn títí ọrùn á fi ró "kọ́". Iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sẹ́yìn ọpọlọ gba inú eegun ọrùn kọjá. Bí jàǹbá bá ti ya inú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè dì níbẹ̀, kó di rọpárọsẹ̀. Bí òòyì bá ń kọ́ ọ, tí o ń rí nǹkan kan ní méjì, tí oúnjẹ ò ṣeé gbé mì, tí ẹsẹ̀ ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, ilé ìwòsàn ńlá lóru ọjọ́ náà ni.

Omi gbígbóná láti fi jó ẹ̀rẹ̀kẹ́ ńkọ́? Rárá o. Ojú tó kú kì í mọ̀ pé òun ń jóná. Rọra fá irùngbọ̀n pẹ̀lú.

Tí o bá dé ilé ìwòsàn, ní kí wọ́n fi òwú àti abẹ́rẹ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ lọ́tùn-ún lósì, kí wọ́n kọ ibi tó kú sílẹ̀. Wọ́n á ráhùn. Jókòó tì wọ́n.