Kọ̀ǹpútà géèmù àkọ́kọ́: ro ti iná ná

Àbúrò, o ní Kubwa lò ń gbé, owó ọwọ́ rẹ kò pọ̀, o sì fẹ́ kọ́kọ́ ra graphics card ńlá (card tó ń gbé àwòrán géèmù jáde), kí o wá máa ra ìyókù díẹ̀díẹ̀. Jọ̀ọ́, fi owó card yẹn sápò ná. Mo ti to kọ̀ǹpútà géèmù fún ara mi àti fún àwọn ẹbí mi ní Abuja níbí, ọ̀rọ̀ iná ni mo sì máa ń kọ́kọ́ rò.

Iná tó ń wọlé wa kì í dúró sójú kan. Bó bá lọ tó tún dé, ó lè ga kọjá 240 volt. Nígbà mìíràn, gílóòbù á kàn máa pọ́n, kò ní tàn. Power supply, àpótí tó ń pín iná fún ohun gbogbo inú kọ̀ǹpútà, ló ń gba gbogbo ìyà yẹn, bó bá sì jẹ́ ayédèrú, á kó bá àwọn yòókù. Àbúrò ìyàwó mi ra ọ̀kan tí wọ́n kọ 600 watt gàdàgbà sí lára. Nígbà tí mo gbé e sọ́wọ́, ó fúyẹ́ jù, okùn rẹ̀ sì tín-ín-rín. RX 580 ló fi sí i, card tó jẹ́ pé òun nìkan lè jẹ iná tó 185 watt. Géèmù kékeré kò yọ ọ́ lẹ́nu, àmọ́ bó bá ti kan èyí tó lágbára, kọ̀ǹpútà á kú pátá. Lálẹ́ ọjọ́ kan ó dún gbàù, òórùn wáyà jíjóná sì gba yàrá kan. Card yè é, motherboard, pátákó tí gbogbo nǹkan inú kọ̀ǹpútà so mọ́, kú. Ohun tó ná láti fi ra òmíràn ju owó ojúlówó power supply lọ.

Bí owó bá kéré, kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tòkunbọ̀ ni mo máa ní kí o rà: Dell OptiPlex tàbí HP EliteDesk. Mú èyí tó ga tó sì fẹ̀, torí ọ̀pọ̀ card kò lè wọ inú èyí tó pẹlẹbẹ. Bí agbára bá ká a, èyí tí processor rẹ̀ (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) jẹ́ Core i5 ìran kẹjọ sókè ni kí o wá, nítorí irú rẹ̀ ni Windows 11 fọwọ́ sí. Microsoft ti dẹ́kun àtìlẹ́yìn fún Windows 10 láti oṣù Kẹwàá ọdún 2025.

Power supply inú wọn kì í tóbi, ṣùgbọ́n ojúlówó ni. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní okùn tí wọ́n fi ń fún card ní iná, ẹnu okùn àwọn mìíràn sì yàtọ̀ débi pé o ò lè kàn ra òmíràn rọ́pò. Ojú ihò tí card ń wọ̀ lórí motherboard lè fún un ní 75 watt, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí card GTX 1650, tí kì í jẹ iná púpọ̀, fi bá a mu. Wo etí card náà lókè dáadáa kó o tó sanwó: GTX 1650 kan wà tó ní ibi tí wọ́n ń ki okùn iná bọ̀ (6-pin), òmíràn kò ní. Èyí tí kò ní ni tìrẹ. Bí o bá ń gbá géèmù lórí irú kọ̀ǹpútà yìí, kì í sábà jẹ ju 200 watt lọ, inverter ilé lè gbé e láìsí pé ẹ tan jẹnẹrétọ̀.

RAM (ìrántí tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́) 8GB méjì sàn ju 16GB ẹyọ kan lọ. SSD, ibi ìpamọ́ tó yára, pọn dandan.

Ì báà ṣe Banex ní Wuse 2 lo ti rà á, ì báà ṣe lọ́wọ́ ẹnìkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n tan án lójú rẹ. Gbé flash dání, kí GPU-Z, ètò tó ń sọ irú card tó wà nínú kọ̀ǹpútà, wà lórí rẹ̀. Àwọn kan máa ń yí inú card àtijọ́ padà kó lè máa pe ara rẹ̀ ní GTX 1050 Ti. Bí GPU-Z bá dá irú rẹ̀ mọ̀, á kọ FAKE síwájú orúkọ rẹ̀. Jẹ́ kí géèmù ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ títí ara rẹ̀ á fi gbóná.

Eruku ọyẹ́ ìhín pọ̀, torí náà má gbé kọ̀ǹpútà náà sórí rọ́ọ̀gì. Bí o bá ń fẹ́ eruku inú rẹ̀, fi ìka di fáànù mú kó má yí.

Sọ iye tó wà lọ́wọ́ rẹ gan-an àti géèmù tó wù ẹ́ jù, kí n bá ẹ ṣírò rẹ̀.