Bí orúkọ ìdílé bá yí padà lẹ́yìn ìgbéyàwó, kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí àkọsílẹ̀ gbèsè ẹni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni mo ṣe ìgbéyàwó, mo sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ orúkọ ọkọ mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń yá owó, tí mo sì ń san án pé lọ́jọ́ tó yẹ. Ṣé iyì tí mo ti ní lọ́dọ̀ àwọn ayánilówó kò ní bá orúkọ àtijọ́ lọ? Ṣé gbèsè ọkọ mi kò sì ní di tèmi?

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire, ilé yín yóò tòrò. Iyì yín kò lọ síbì kankan. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbèsè, irú bíi Equifax, Experian àti TransUnion, kì í fi orúkọ ìdílé nìkan dá ènìyàn mọ̀. Wọ́n ń wo ọjọ́ ìbí, àdírẹ́sì tí ẹ ń gbé àti èyí tí ẹ ti gbé rí, àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ níbi tí wọ́n bá ti ń lò ó, bíi nọ́ńbà Social Security ti Amẹ́ríkà, tí kì í yí padà bí orúkọ tilẹ̀ yí. Bí orúkọ tuntun bá dé ọ̀dọ̀ wọn, ṣe ni wọ́n máa ń kọ ọ́ mọ́ ti àtijọ́. Nítorí náà, bí ẹ bá rí orúkọ bàbá yín lábẹ́ orúkọ ọkọ yín nínú ìwé àkọsílẹ̀ gbèsè yín, kì í ṣe àṣìṣe; ẹ má ní kí wọ́n pa á rẹ́, nítorí òun ni okùn tó so gbogbo owó tí ẹ ti san mọ́ yín lónìí. Orúkọ kò sì sí lára ohun tí wọ́n fi ń ṣírò máàkì yín, ìyẹn nọ́ńbà tí àwọn ayánilówó fi ń mọ bí ẹ ṣe ń san gbèsè sí.

Àárín ìgbà tí orúkọ ń yí padà ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú. Obìnrin kan tí mo bá dá sí irú ọ̀rọ̀ yìí rí yí orúkọ padà, ó sì kó lọ sí ilé tuntun láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà. Ayánilówó kan fi orúkọ tuntun àti àdírẹ́sì tuntun nìkan ránṣẹ́, ẹ̀rọ rò pé ẹlòmíràn ni, ó sì ṣí ìwé mìíràn fún un. Nígbà tí a tẹ ìwé tuntun náà jáde, ojú ìwé kan péré ni: káàdì àwìn olóṣù méjì ló wà nínú rẹ̀, owó ọkọ̀ tó fi ọdún márùn-ún san tán kò sí níbẹ̀. Lẹ́tà kan àti ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó ló so ìwé méjèèjì pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ̀ láti yá a ní owó tó fẹ́ fi ra ilé kí ó tó dé bẹ̀. Ó dùn mí, nítorí kò yẹ kó ṣẹlẹ̀.

Nítorí náà, ìwé ìdánimọ̀ ti ìjọba ni kí ẹ kọ́kọ́ yí padà, lẹ́yìn náà báǹkì, kí ẹ tó wá kàn sí gbogbo ẹni tí ẹ jẹ ní gbèsè. Àwọn ni yóò fi orúkọ náà ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ àkọsílẹ̀. Kí orúkọ náà rí bákan náà níbi gbogbo, pàápàá bí ẹ bá fẹ́ so orúkọ méjèèjì pọ̀. Ẹ má tọrọ láti yá owó ńlá kankan títí tí gbogbo àkọsílẹ̀ náà yóò fi bára mu. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ tún orúkọ ṣe nínú ìwé àwọn olùdìbò pẹ̀lú. Ní Amẹ́ríkà, òfin kò gbà kí ayánilówó ti àkáǹtì yín pa, tàbí kó ní kí ẹ tún un tọrọ, nítorí pé ẹ yí orúkọ nìkan. Bí ẹ bá sì fẹ̀hónú hàn lórí àṣìṣe, ọgbọ̀n ọjọ́ ni ilé-iṣẹ́ àkọsílẹ̀ níbẹ̀ sábà máa ń ní láti wádìí rẹ̀.

Ní ti gbèsè ọkọ yín, ìwé tirẹ̀ ọ̀tọ̀, tiyín ọ̀tọ̀; orúkọ kan náà kò so wọ́n pọ̀. Ohun tí ń so wọ́n pọ̀ ni gbèsè tí ẹ jọ fọwọ́ sí tàbí èyí tí ẹ ṣe onídùúró rẹ̀. Níbi tí òfin bá ti sọ pé gbèsè tí tọkọtaya jẹ lẹ́yìn ìgbéyàwó jẹ́ ti àwọn méjèèjì, ìgbéyàwó fúnra rẹ̀ ló fà á, ì báà ṣe orúkọ bàbá yín ni ẹ ṣì ń jẹ́.