Alùpùpù ń jí pẹ̀lú ṣóòkì, ó ń kú láìsí ṣóòkì: kí ni kí n kọ́kọ́ tú?

Ìbéèrè: Ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá mi fi alùpùpù kan sílẹ̀ fún mi, onísílíńdà kan, 125, èyí tó ń lo pọ́ìntì (irin kékeré méjì tó ń ṣí tó sì ń pa dé kí púlọ́ọ̀gì lè ta iná), tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ ta. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tó ti wà lábẹ́ tapólì. Mo ra bátìrì tuntun fún un, mo da epo tuntun lé èyí tó wà nínú táǹkì, mo sì ta á títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. Bí mo bá fa ṣóòkì, ó máa ń jí. Bí mo bá ti dá ṣóòkì padà, ó kú nìyẹn. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n tú ẹ́ńjìnì palẹ̀, kí n pààrọ̀ písítìn àti ríìnì. Mo tún fẹ́ kùn ún ní ọ̀dà tuntun. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ohun ìní bàbá yín, ẹ sì pẹ̀lẹ́ ẹsẹ̀. Ẹ má tú ẹ́ńjìnì o. Ọ̀rẹ́ yín kò fi ibi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì tó bá ti jí, kódà kó má ju ìṣẹ́jú kan lọ, ti jẹ́rìí ara rẹ̀. Ó ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ dáadáa, púlọ́ọ̀gì rẹ̀ ń ta iná, iná náà ò sì jìnnà sí àsìkò tó yẹ kó ta. Epo ló kù tí a ó bi léèrè. Iṣẹ́ ṣóòkì kò ju pé kó dín afẹ́fẹ́ kù, kí epo inú àdàlù lè pọ̀ sí i. Bó bá wá jẹ́ pé ìgbà tí epo bá pọ̀ ju bó ṣe yẹ nìkan ló ń ṣiṣẹ́, a jẹ́ pé èyí tó yẹ kó máa rí mu lójoojúmọ́ ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Òǹgbẹ ló ń gbẹ ẹ́. Jẹ́ẹ̀tì kékeré, idẹ oníhò tíńtín tí epo ń gbà kọjá nínú kábúrétọ̀ tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́, ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí, ó sì ṣọ̀wọ́n kó má jẹ́ òun.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fọ kábúrétọ̀ lónìí tí ẹ sì dá epo yẹn padà sí i, ẹ ó tún un fọ̀ lọ́la. Ẹ da gbogbo epo inú táǹkì jáde, tuntun àti ògbólógbòó, níta gbangba, níbi tí iná kankan ò sí: sìgá, àdògán, jẹnẹrétọ̀ tó ń ṣiṣẹ́, gbogbo wọn jìnnà. Epo tó ti lo ọdún mẹ́sàn-án kì í ṣe epo mọ́. Èyí tó fúyẹ́ nínú rẹ̀, tó máa ń tètè gbaná, ti bá afẹ́fẹ́ lọ, ohun tó ṣẹ́ kù ń ki bíi fánííṣì, òun náà ló ń gbẹ mọ́ inú ihò jẹ́ẹ̀tì. Ẹ bu díẹ̀ sínú ìgò tó mọ́ gaara kí ẹ gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Bó bá ti pọ́n, tí òórùn rẹ̀ jọ ti ọ̀dà, ẹ ti rí ìdí ọ̀rọ̀. Bí omi bá wà nínú rẹ̀, ẹ ó rí i tó ṣù jọ sísàlẹ̀ ìgò bí ìlẹ̀kẹ̀, torí omi wúwo ju epo lọ. Bí iyẹ̀pẹ̀ pupa bá rọ̀ sílẹ̀, ìpẹtà táǹkì ni.

Ìpẹtà tí kò tíì jẹ táǹkì dé òdìkejì ṣeé fọ̀ nílé. Ẹ tú kọ́ọ̀kì, ẹnu tí wọ́n fi ń ṣí epo tí wọ́n sì fi ń tì í lábẹ́ táǹkì, kúrò, ẹ fi rọ́bà dí ihò rẹ̀, ẹ da fínígà funfun kún inú rẹ̀, kó lo ọjọ́ kan tàbí méjì. Àwọn kan máa ń ju nọ́ọ̀tì kéékèèké sí i, kí wọ́n lè gbọ̀n ọ́n kí ìpẹtà ṣí. Èmi náà ń ṣe é. Ẹ kà wọ́n kí ẹ tó jù wọ́n sínú, kí ẹ sì tún kà wọ́n nígbà tí wọ́n bá jáde. Lẹ́yìn fínígà, ẹ fi omi tí ẹ po sóódà oúnjẹ (baking soda) mọ́ ṣàn án, kí ẹ gbẹ ẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ sì yí ọ́ìlì díẹ̀ ká inú rẹ̀. Irin tí fínígà ṣẹ̀ṣẹ̀ bó kì í pẹ́ tó fi ń pọ́n padà, kódà lójú yín báyìí.

Ó yá, kábúrétọ̀. Kí ẹ tó tú ohunkóhun, ẹ fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀ láti ọ̀tún, láti òsì, láti òkè, pàápàá ibi tí rọ́bà kọ̀ọ̀kan wọ̀. Ẹ ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ara yín lálẹ́. Bí alùpùpù yín bá jẹ́ ti Jàpáànù, ẹ ṣọ́ra fún àwọn síkúrù ìsàlẹ̀ kábúrétọ̀. Wọ́n jọ Phillips (èyí tí orí rẹ̀ rí bí àgbélébùú), ṣùgbọ́n JIS, irú ti Jàpáànù, ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, síkúrùdíráfà Phillips kì í wọ̀ wọ́n dé ìdí, á yọ̀, á sì ha orí wọn dànù. Ẹ wá èyí tó bá a mu, tàbí kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gan-an kí ẹ tó yí i.

Bí ẹ bá ṣí àwo ìsàlẹ̀, ẹ ó rí nǹkan kan tó ń léfòó, abẹ́rẹ́ kékeré tó ń ṣí epo tó sì ń tì í, àti jẹ́ẹ̀tì méjì. Èyí tó tóbi tó sì yọrí síta ni ti eré. Kì í ṣe òun là ń wá. Ti kékeré sábà máa ń fara pamọ́ sínú ihò jíjìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ yọ ọ́ pẹ̀lú síkúrùdíráfà tó wọ̀ ọ́ dáadáa, torí idẹ rírọ̀ ni. Ẹ wá gbé e sókè síwájú ojú fèrèsé, kí ẹ fi ojú kan wo inú rẹ̀. Ihò àárín rẹ̀ kì í sábà ju bí 0.4 mm lọ, ẹ lè rò ó sí bí irun orí mẹ́rin tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bó bá mọ́, ẹ ó rí ìmọ́lẹ̀ tó rí roboto bí ojú ẹyẹ. Bí ẹ kò bá rí nǹkan kan, tàbí tí ìmọ́lẹ̀ náà rí wúruwùru létí, ibẹ̀ ni wàhálà wà. Àwọn kan tún ní ihò wẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ ṣí àwọn náà.

Ẹ má fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ gún un. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́. Mo gún un, ìmọ́lẹ̀ yọ, inú mi dùn. Alùpùpù náà jí lóòótọ́, àmọ́ láti ọjọ́ yẹn ló ti ń tú èéfín dúdú níbi tó bá ti dúró, púlọ́ọ̀gì rẹ̀ ń dú bí ìdí ìkòkò. Irin abẹ́rẹ́ le ju idẹ lọ, mo ti fẹ ihò náà lójú láìmọ̀. Oògùn ìfọ-kábúrétọ̀ ni kí ẹ rẹ ẹ́ sí mọ́jú, kí ẹ fẹ́ ẹ pẹ̀lú afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀. Bó bá ṣì dí, ẹ bó wáyà iná rírọ̀ kan, kí ẹ yọ okùn kan ṣoṣo nínú bàbà rẹ̀, òun lẹ lè kì bọ̀ ọ́ jẹ́jẹ́.

Jẹ́ẹ̀tì nìkan kọ́ lẹ ó fọ̀. Ọ̀nà tí epo rẹ̀ ń gbà wà nínú ara kábúrétọ̀ fúnra rẹ̀, ó sì parí sí ihò tíńtín kan tàbí méjì nínú ọ̀fun, níhà ẹ́ńjìnì. Ẹ wọ awò ojú, ẹ fín oògùn náà sí ihò tí jẹ́ẹ̀tì ti jáde, kí ẹ máa wo ibi tó ń gbà yọ. Bí kò bá yọ nínú ọ̀fun, ẹ kò tíì parí. Síkúrù kékeré onímú ṣóńṣó kan tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ń ṣètò àdàlù epo àti afẹ́fẹ́. Kí ẹ tó yọ ọ́, ẹ yí i wọlé jẹ́jẹ́ títí yóò fi kan ìdí, ẹ ka iye ìyí rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má fún un mọ́lẹ̀ o, imú rẹ̀ á tẹ̀. Bí ẹ kò bá mọ ibi tó wà tẹ́lẹ̀, ìyí kan àbọ̀ síta kúrò ní ìdí dára láti fi bẹ̀rẹ̀.

Kí ẹ tó dá a padà, ẹ fi ọwọ́ tẹ rọ́bà tó so kábúrétọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnì. Bó bá ti là, afẹ́fẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò pè á máa wọlé níbẹ̀, àìsàn rẹ̀ á sì jọ ti jẹ́ẹ̀tì tó dí bí ìbejì. Nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́, ẹ fín omi díẹ̀ sí i lára. Bí ohùn ẹ́ńjìnì bá yí padà, rọ́bà ni. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń fín oògùn kábúrétọ̀ síbẹ̀ láti dán an wò, ṣùgbọ́n lórí ẹ́ńjìnì gbígbóná, omi ni mo fara mọ́. Ẹ ṣí ilé fílítà náà wò. Eku fẹ́ràn ibẹ̀. Agbọ́n sì máa ń fi amọ̀ mọ ilé sẹ́nu síláńsà.

Ohun kan wà tí ẹ kò gbọdọ̀ fò: ẹ fa ọ̀pá ọ́ìlì jáde kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ inú kábúrétọ̀ kò bá tì dáadáa, tí ẹ sì ṣí kọ́ọ̀kì sílẹ̀, epo lè ti ṣàn gba ọ̀fun wọ inú ọ́ìlì. Bí ọ́ìlì bá ti kún ju àmì lọ tó sì ń rùn bí epo, ẹ má ta á mọ́ títí ẹ ó fi pààrọ̀ rẹ̀. Ọ́ìlì tí epo ti dà pọ̀ mọ́ kò lè dáàbò bo béárìnì. Bí kò tilẹ̀ rùn, ọ́ìlì ọdún mẹ́sàn-án ni, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Nípa bátìrì tuntun tí ẹ rà: ṣé ẹ wò ó bóyá 6V ni alùpùpù yìí tàbí 12V? Ọ̀pọ̀ alùpùpù kékeré àtijọ́ tó ń lo pọ́ìntì, 6V ni wọ́n. Ẹ yọ gílóòbù ẹ̀yìn kan, wọ́n kọ ọ́ sí ìdí rẹ̀. Bí ẹ bá ti so 12V mọ́ ti 6V, àwọn gílóòbù lẹ máa kọ́kọ́ sun.

Pọ́ìntì ò ní gba àkókò púpọ̀ lọ́wọ́ yín. Ojú rẹ̀ máa ń ṣú bó bá pẹ́ láìṣiṣẹ́. Ẹ fi páálí mímọ́ há a láàárín, kí ẹ fà á jáde léraléra títí páálí kò fi dọ̀tí mọ́. Àlàfo rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín 0.3 sí 0.4 mm, ti púlọ́ọ̀gì sì máa ń jẹ́ 0.6 sí 0.7 mm, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí ìwé alùpùpù náà, ohun tó bá sọ ni kí ẹ tẹ̀ lé. Bí ẹ bá fẹ́ wo iná púlọ́ọ̀gì, ẹ fi ara irin rẹ̀ kan irin ẹ́ńjìnì, kó jìnnà sí ihò tí ẹ ti yọ ọ́, torí atẹ́gùn epo ń jáde níbẹ̀. Iná aláwọ̀ búlúù tó ń dún ṣáṣá ló dáa. Bó bá jẹ́ pípọ́n tó sì rọ̀, ẹ fura sí kọndẹ́ńsà, ohun kékeré tó ń bá pọ́ìntì ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ọ̀rọ̀ ríìnì, kí ọ̀rẹ́ yín má bàa sọ pé mo kàn já a kulẹ̀. Èéfín búlúù ni ríìnì tó ti jẹ máa ń fi hàn. Bí ẹ bá rí i, ẹ yá géèjì ìfúnpọ̀, ẹ wọ̀n ọ́n, lẹ́yìn náà ẹ ro ọ́ìlì bíi ṣíbí tíì kan gba ihò púlọ́ọ̀gì, kí ẹ tún un wọ̀n. Bí géèjì bá gòkè ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa, ríìnì ń jò. Bí kò bá mira, fáàfù ni kí ẹ wò, ó sì lè má ju pé kí ẹ tún àlàfo rẹ̀ ṣe lọ. Títú ẹ́ńjìnì láìwọ̀n ọ́n dà bí kí wọ́n la ikùn ẹni tí kò tíì sọ ibi tó ń dun òun.

Ọ̀dà kíkùn ni kó gbẹ̀yìn. Ẹ má fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹ wo táyà dáadáa: lára rẹ̀, lẹ́yìn lẹ́tà DOT, ẹ ó rí nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn. 2314 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2014. Èyí tó ti dúró sójú kan fún ọdún mẹ́sàn-án, bó ti wù kí ojú rẹ̀ nípọn tó, ẹ má gùn ún jáde. Ẹ ṣí ìlù bíréèkì, torí àwọ̀ bíréèkì lè ti ṣí kúrò lára irin rẹ̀ láìjẹ́ pé ó hàn síta. Ẹ má fi ẹnu tàbí afẹ́fẹ́ fẹ́ eruku tó wà níbẹ̀. Wọ́n máa ń fi asbestos ṣe bíréèkì àtijọ́, ẹ̀dọ̀fóró ni ìyẹn ń bá jà. Omi ọṣẹ àti àkísà tútù ló tó.

Bó bá wá ń ṣiṣẹ́ dáadáa tán, tó ń kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí ẹ dúró díẹ̀ tó tún jí, ẹ má sáré padà sí kábúrétọ̀. Ẹ ṣí ìdérí táǹkì lójú ẹsẹ̀ tó bá kú, kí ẹ tẹ́tí. Bí ẹ bá gbọ́ “fùùù”, ihò ìmí tó wà lára ìdérí ló dí, táǹkì ń fa epo sẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tú kábúrétọ̀ ẹnì kan nítorí èyí. Oníǹkan fẹ́ràn alùpùpù rẹ̀ débi pé ó fi ìda tí wọ́n fi ń mú nǹkan dán kun ìdérí náà títí ihò fi pa dé.

Nígbà tí ẹ bá to kábúrétọ̀ padà, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì gbóná dáadáa, kí ẹ dá ṣóòkì padà pátápátá, kí ẹ wá yí síkúrù onímú ṣóńṣó yẹn ní ìdá mẹ́rin ìyí lẹ́ẹ̀kan, síwá sẹ́yìn, títí ohùn rẹ̀ á fi ga jù lọ tó sì dúró déédéé. Ẹ fi síkúrù kejì, èyí tó ń ṣètò bí ẹ́ńjìnì ṣe ń yára tó níbi tó bá dúró, dá ohùn náà padà sísàlẹ̀. Ẹ gùn ún díẹ̀ nínú ọgbà, kí ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, kí ẹ ya fọ́tò ẹnu rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi: bó bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ilẹ̀ gbígbẹ, ẹ lè lọ ra ọ̀dà.